Ilé Ni Mo Wà, Ṣùgbọ́n Agogo Ẹlòmíràn Ni Mo Ń Wò

 

Ní ọjọ́ kan báyìí, ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì wá bá mi nínú ilé mi ní Òkìtìpupa níhìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí ni èmi náà ń wá. Ẹ jókòó sínú yàrá yín, ẹ ń sọ̀rọ̀, owó ń wọlé. Ìgbà tí ó bá wù yín ni ẹ ń ṣe é, ìgbà tí ó bá sì wù yín ni ẹ ń fi í sílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé omi fún un. Mo ní, "Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́ òtítọ́. Jókòó, kí n sọ ìdajì kejì fún ọ." Ọ̀rọ̀ náà gùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó lọ tán, mo rò ó pé àwọn tí ó ń ro irú èrò rẹ̀ kò ní lóǹkà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù, kí n lè sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà lè fi ojú sílẹ̀ wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí ni iṣẹ́ àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí kọ́sítọ́mà kíà. Bí owó bá pòórá lórí fóònù yín, tàbí tí ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kò bá tíì dé, nọ́ńbà kan wà tí ẹ máa ń pè. Ẹni tí ó gbé e, tí ó kí yín, tí ó bi yín pé kí ni òun lè ṣe fún yín, irú mi ni. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni iṣẹ́ náà ti ń gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ a jókòó lọ rẹrẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ funfun ti gbé e wọ ilé tipẹ́tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú JetBlue ti Amẹ́ríkà, tí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní ọdún 2000, fi iṣẹ́ gbígba ìpè àwọn èrò lé ọwọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣe é láti inú ilé wọn ní agbègbè Salt Lake City, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ abiyamọ. Ní ti wa, àrùn Kòrónà ni ó lé iṣẹ́ náà wọlé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé ní 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ di kọ̀ǹpútà lé àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, àwọn kan padà sí gbọ̀ngàn, àwọn kan kò padà mọ́. Láti ìgbà náà ni àwa tí a kò gbé ní Èkó rárá ti rí ọ̀nà gbà wọlé.

BÍ MO ṢE DÉ ÌDÍ RẸ̀

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní 2020, owó oṣù wa dúró, nítorí pé owó tí àwọn òbí ń san ni wọ́n fi ń san tiwa. Awakọ̀ ni ọkọ mi, láti Òkìtìpupa sí Ọ̀rẹ̀ àti Àkúrẹ́ ni ó ń ná, mọ́tò kò sì rìn fún ọjọ́ pípẹ́. Ìyá ọkọ mi, tí ó ń ṣe púpurú tà, ni ó bọ́ gbogbo wa ní àkókò náà. N kò ní gbàgbé.

Ní ọdún 2021, ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó fi iṣẹ́ kan hàn mí. Ilé-iṣẹ́ kan ń wá àwọn tí yóò máa dá oníbàárà àwọn ilé ìtajà Amẹ́ríkà lóhùn láti inú ilé wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìpolówó náà pé: Yan wákàtí tí ó bá wù ọ́. Wọ́n dán Gẹ̀ẹ́sì mi wò, wọ́n kọ́ mi ní iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, wọ́n sì gbà mí. Inú mi dùn bí ẹni pé kí n fò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òkìtìpupa yóò ti máa bi mí pé, iná wo ni o fi ń ṣe é? Ẹ ṣeun, ìbéèrè gidi ni. Ibùdó amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa níhìn-ín gan-an. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i ní ayé ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, agbára rẹ̀ sì ju mẹ́gáwáàtì 300 lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ibẹ̀ fi ń gba orí wa kọjá lọ sí ibòmíràn, tí gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú òkùnkùn biribiri. A wà létí odò, a ń fi itọ́ bọ́jú. Ọdún 2024 ni àjọ NDDC tó ṣí ibùdó ìpín-iná kan fún agbègbè wa ní Òde-Erinje.

Ní 2021 tí mo ń wí yìí, owó èésú ni mo fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Líta epo bẹntiróòlù kan kò tó 170 náírà nígbà náà. Líta 4 ni mo ń jó ní alẹ́ kan, kò sì tó 700 náírà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, líta kan kọjá 500 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ẹ ṣírò líta 4 fúnra yín. Nínú gbọ̀ngàn Èkó, ilé-iṣẹ́ ni ó ń ra epo, òun ni ó ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ilé tìrẹ, ìwọ ni. Ohun kìíní tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ti di onílé iṣẹ́ láì gba owó ilé.

TA NI Ó Ń PÍN WÁKÀTÍ?

Ẹ jẹ́ kí á wá sí orí ọ̀rọ̀ wákàtí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ wo olóúnjẹ tí ó wà ní gáréèjì. Ó mọ̀ pé láti aago 12 sí aago 2 ọ̀sán ni èrò máa ń ya wọlé. Bí ó bá ní ọmọṣẹ́ méjì péré ní àkókò náà, àwọn oníbàárà yóò dúró títí, wọn yóò bínú lọ. Bí ó bá sì ní ọmọṣẹ́ mẹ́wàá ní aago 4, jíjókòó ni wọn yóò máa jókòó, owó rẹ̀ yóò sì máa ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìpè rí. Ọkùnrin ará Denmark kan, A. K. Erlang, tí ó bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ṣiṣẹ́, ni ó fi ìṣirò wá ìdí ọ̀ràn náà nínú àwọn ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1909 àti 1917: bí ìpè bá tó báyìí, tí ìpè kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú báyìí, ènìyàn mélòó ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀ kí ẹni tí ó pè má baà dúró pẹ́? Ó ti lé ní 100 ọdún, síbẹ̀ orí ìṣirò náà ni iṣẹ́ wa ṣì dúró lé lónìí. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò ni pé nínú ìpè 100, kí a gbé 80 kí ó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 20.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà a pín ọjọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a sì kọ iye ènìyàn tí ó ń fẹ́ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ni wọ́n ń tẹ́ síta fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì pé kí á wá yàn nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé a ń yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ni ó ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tí ó bá kéré jù ni ó ń yàn kẹ́yìn. Kí ni wọ́n fi ń fúnni ní máàkì? Iye ìṣẹ́jú tí o lò lórí ìpè kan, bí o ṣe tètè dé sí, bí oníbàárà ṣe yìn ọ́ sí, àti bí o kò ṣe kúrò ní ìdí kọ̀ǹpútà sí. Ìgbà tí yóò bá fi kan irú wa tí a ní ọmọ wẹ́wẹ́, tí ariwo ilé ti jẹ́ kí máàkì wa relẹ̀, wákàtí tí ó dára ti tán. Òru ni ó kù.

Àní Amẹ́ríkà kì í ṣe ìlú tí agogo rẹ̀ bá tiwa dọ́gba. Ní àkókò òtútù wọn, bí ó bá di aago 9 òwúrọ̀ ní New York, aago 3 ọ̀sán ni ní Òkìtìpupa. Bí ó bá jẹ́ Kalifọ́níà ni, aago 9 òwúrọ̀ wọn jẹ́ aago 6 ìrọ̀lẹ́ tiwa, aago 5 ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń ti ilé ìtajà sì jẹ́ aago 2 òru. Èyí tí ó tún wá burú níbẹ̀ ni pé agogo tiwọn ń yí. Ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún un síwájú ní wákàtí kan, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú kìíní nínú oṣù Kọkànlá. Agogo tiwa kì í yí. N kò mọ èyí. Ní ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹta ọdún 2022, mo jókòó sí ìdí iṣẹ́ ní aago 3 ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, n kò mọ̀ pé aago 2 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ mí sílẹ̀ pé mo pẹ́ ní wákàtí kan. Ó gbà mí ní oṣù kan gbáko kí máàkì mi tó padà sí ibi tí ó wà.

Wọ́n tún ní èyí tí ó jẹ́ wákàtí alápá méjì: ìwọ yóò ṣe wákàtí 3 ní ọ̀sán, ìwọ yóò sinmi wákàtí 4, ìwọ yóò tún ṣe wákàtí 3 ní òru. Wọn kì í san owó wákàtí 4 tí ó wà láàárín. O kò lè sùn, o kò lè lọ sí oko, ọjà kò sì ní dúró dè ọ́.

Ìyá ọkọ mi máa ń wò mí, ó sì máa ń mi orí. Gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ ni ó mọ bí a ti ń ṣe púpurú: a ó bó gbágùúdá, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sù ú rógódó, a ó sì yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ. Màmá ní, "Ìyàwó, gbágùúdá kì í dúró de ènìyàn bí ó bá ti rọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo yan ọjọ́ tí mo rẹ ẹ́ sómi. Ìwọ, ta ni ó rẹ tìrẹ?" N kò rí èsì fọ̀.

ALẸ́ ỌJỌ́ TÍ N KÒ LÈ GBÀGBÉ

Òfin kan wà tí mo gbé kalẹ̀ nínú ilé: bí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ bá ti pa dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé. Kò gbọdọ̀ sí ariwo ọmọ, kò gbọdọ̀ sí ariwo odó, nítorí pé bí oníbàárà bá gbọ́ àkùkọ tí ó kọ, máàkì ti lọ nìyẹn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, aṣọ òtútù ni mo ń fi bo orí mi àti ohun ìgbọ́rọ̀ etí mi pọ̀, kí ohùn mi lè jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2022, láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 2 òru ni iṣẹ́ mi. Ọkọ mi sùn sí Àkúrẹ́ nítorí mọ́tò rẹ̀ tí ó bàjẹ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ní ara gbígbóná díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Mo fún un ní oògùn, mo gbé e fún Màmá, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Bí ó ti ń sún mọ́ aago 12 òru, obìnrin kan pè láti Amẹ́ríkà. Bàtà tí ó rà kò bá a lẹ́sẹ̀ mu, inú sì bí i gidigidi. Bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni mo gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. N kò dáhùn. Wọ́n tún kàn án. Mo fi ọwọ́ lu tábìlì díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà lórí ìpè. Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ni Màmá ti ilẹ̀kùn wọlé fúnra wọn. Wọ́n gbé ọmọ náà sí àyà. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gìrì ti gbé e.

N kò mọ ohun tí mo wí fún obìnrin Amẹ́ríkà náà. Mo já ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí, mo gba ọmọ mi, mo sì sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tí ó wà lára mi. Aládùúgbò wa kan tí ó ń gun ọ̀kadà ni ó gbé wa lọ sí ilé-ìwòsàn nínú òkùnkùn, èmi sì ń ké pe Ọlọ́run ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fi omi sí i lára. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó la ojú, ó sì béèrè àkàrà. Mo sunkún títí.

Nígbà tí mo dé ilé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè mí: wọ́n ní mo já ìpè sílẹ̀, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí 2 láì gba àyè. Mo di ẹni ìkẹyìn nínú àwọn tí ń yan wákàtí. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kò sí alẹ́ kan tí mo fi sùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó dùn mí jù. Ìyá ọkọ mi ni ó jókòó tì mí ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n rọra wí pé, "Ìyàwó, n kò bá ọ jà o. O ní inú ilé ni o ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò bá ẹnìkan nílé."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju ìyà ilé-iṣẹ́ lọ. Èmi tí mo sọ pé nítorí ọmọ mi ni mo ṣe yan iṣẹ́ inú ilé!

ỌWỌ́ KAN KÒ GBÉ ẸRÙ DÓRÍ

Mo pe alábòójútó wa ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àánú yín ṣe mí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó ń pín wákàtí, kì í ṣe èmi." Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í dá ara rẹ̀ sọ ohun tí yóò ṣe. Ènìyàn ni ó sọ fún un pé kí ó ka ìyá tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn sí ọ̀lẹ.

Mo wá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kàn lórí WhatsApp. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, òmíràn ní Àkúrẹ́, òmíràn ní Ìlọrin. Kò sí ẹni tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án kọ lẹ́tà kan, a fi ìwé ilé-ìwòsàn ti ẹni tí ó bá ní in mọ́ ọn. A kò búni, a kò halẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a béèrè: kí àyè wà fún pàjáwìrì tí ó ní ẹ̀rí, kí òṣìṣẹ́ méjì lè ṣe pàṣípààrọ̀ wákàtí láàárín ara wọn láì pàdánù máàkì, kí a sì máa rí àtẹ àkókò iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú dípò ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n gba ti kìíní àti ti kejì. Wọ́n kọ ti kẹta. Ẹni tí ó wá méjì tí ó sì rí i, kò pàdánù.

Ní àkókò náà ni mo wá ka ohun tí Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa wí, èyí tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1970. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí ó tó pé oṣù 3 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọdọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ó ní nínú ọjọ́ 7, ọjọ́ kan odidi gbọdọ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Bí a bá sì ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, a ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: òṣìṣẹ́ ni òfin náà ń dáàbò bò. Bí ìwé tí ẹ buwọ́ lù bá pè yín ní agbaṣẹ́ṣe tí ń dá dúró, wọ́n lè sọ pé òfin náà kò kàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ó di 70,000 náírà ní oṣù Keje ọdún 2024, kò kan ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ tàbí ẹni tí a ń san owó fún ní ìwọ̀n iye iṣẹ́ tí ó ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 6 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìyípadà wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó bá ti kọ́kọ́ wọlé iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù 2. Kì í ṣe pé wọn yóò gbà ní dandan o, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ẹnu mọ́ ẹnu láì dáhùn. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa wo èyí.

ÈRÈ WÀ NÍBẸ̀

Kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ náà kò dára rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ èrè rẹ̀. Owó rẹ̀ ju owó tíṣà tí mo ń gbà lọ, àní nígbà tí mo bá yọ owó epo àti dátà. N kò fi ọmọ sílẹ̀ lọ gbé Èkó, n kò sì san owó ilé níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́sàn-án jẹ́ ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní kí iṣẹ́ yìí tó dé, kò sí ọ́fíìsì tí ó gbà á. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn jẹ́ fún mi.

Ní ọdún 2023, mo kúrò ní ti Amẹ́ríkà. Mo rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń gba ìpè àwọn oníbàárà Nàìjíríà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, láti aago 8 òwúrọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Owó rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkọ mi bi mí pé ṣé n kò ní kábàámọ̀? Mo ní ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni mo fi ra oorun mi padà. Èésú tí mo kó ní ọdún náà ni mo fi ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti bátìrì, mo sì bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Àwọn àgbàlagbà láti Ilé-Olújì àti Ìgbókọ̀dá ń bá mi sọ Yorùbá lórí fóònù, wọ́n ń gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń yọ máàkì nítorí àdúrà.

Kì í ṣe pé gbogbo wàhálà tán. Ní 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ó pé ọdún 2 gééré sí ọjọ́ tí agogo Amẹ́ríkà fi ṣe mí léṣe, àwọn wáyà ńlá tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ òkun já ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ tàbí kí ó máa wọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ náà, mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù lásán, ó ní, "Ẹ sinmi, ẹ̀bi yín kọ́." Mo dúpẹ́. Nínú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ agbanisíṣẹ́ tí ó dára.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "yan wákàtí tí ó bá wù ọ́" tàn yín jẹ títí ẹ ó fi béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ìdáhùn wọn sì wà nínú ìwé:

1. Agogo ìlú wo ni iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé? Ẹ ṣírò rẹ̀ sí agogo tiwa, ní àkókò òtútù àti ní àkókò ooru wọn.

2. Ta ni ó ń kọ́kọ́ yan wákàtí, ọjọ́ mélòó ṣáájú ni ẹ ó sì mọ̀ ọ́n?

3. Ṣé wákàtí tí ẹ jókòó ni wọ́n ń san owó rẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú tí ẹ fi sọ̀rọ̀ nìkan? Bí ìpè kò bá wọlé ńkọ́?

4. Bí iná bá lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì já, tàbí tí ọmọ ṣàìsàn, kí ni òfin wọn wí?

5. Ṣé òṣìṣẹ́ ni ìwé náà pè yín, tàbí agbaṣẹ́ṣe?

6. Ẹ yọ owó epo, dátà àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà kúrò nínú owó oṣù náà, kí ẹ tó wí pé ó pọ̀.

7. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá fún un. Olè ni.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹni tí ó wà nínú yàrá tí ó ń sọ̀rọ̀ kò ṣe fàájì. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Bí ó bá jáde ní aago 2 òru, ẹ má ṣe jí i ní aago 5 pé kí ó wá dáná.

Ní ti ọmọbìnrin tí ó wá bá mi, ó gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó buwọ́ lu ìwé, ó kọ àwọn ìbéèrè mi sílẹ̀, ó sì bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá a lóhùn márùn-ún nínú rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun yóò fi oṣù 6 wò ó.

Ní tèmi, mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi. Mo lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kọ àkókò iṣẹ́ mi sí i fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Màmá kò mọ̀wé, nítorí náà mo ya agogo sí i fún wọn. Bí wọ́n bá ti rí i pé ọwọ́ agogo ti dé aago 3, wọ́n á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ṣé o ti dé?"

Èmi náà á dáhùn pé, "Mo ti dé, Màmá."